Kúbùsù Kò Gbọdọ̀ Wọlé

"Ntate, kí ẹ tó bi wọ́n léèrè bẹ́ẹ̀dì, ẹ bi wọ́n léèrè iná."

Ohun tí 'M'e Maneo sọ kẹ́yìn fún ọkọ rẹ̀ nìyẹn, lórí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù ní Maseru, olú ìlú Lesotho, ní òpin oṣù kejì, nígbà tí oòrùn ṣì ń yan òrùlé páànù. Ọkọ rẹ̀, Ntate Rakuoane (bàbá ni Ntate lédè wọn, ìyá sì ni 'M'e), ṣẹ̀ṣẹ̀ ròyìn ayọ̀ ńlá kan fún un tán ni. Ìjọba ti fi í ṣe olórí ìgbàlejò fún Àpérò Irun Àgùntàn tí yóò wáyé láàárín ìgbà òtútù wọn, ní oṣù keje. Òun ni yóò yan òtẹ́ẹ̀lì. Òun ni yóò pàṣẹ oúnjẹ. Òun ni yóò dúró lẹ́nu ọ̀nà kí àlejò kankan tó wọlé. Bí ó bá sì ṣe é dáadáa, mínísítà ti sọ ọ́ sí i létí pé àwọn ń wá ẹni tí àwọn yóò fi ṣe aṣojú ìjọba ní orílẹ̀-èdè olóoru kan létí òkun, níbi tí ẹnikẹ́ni kì í ti í wọ kóòtù.

Obìnrin náà fetí sí gbogbo rẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ó sọ̀rọ̀ iná. Ó sùn. Kò jí mọ́.

Ntate Rakuoane rò pé àìsàn ló ń sọ̀rọ̀. Iná wo? Nínú ooru yìí?

Ẹ fi ọ̀rọ̀ náà sápò, ẹ̀yin tí ẹ ń kà á. Òun kò fi í sápò.

Nígbà tí obìnrin náà wà láàyè, ẹnì kan ṣoṣo ló wà ní gbogbo Maseru tó lè fi Ntate Rakuoane rẹ́rìn-ín lójú ara rẹ̀. Bí ó bá ti ọ́fíìsì dé pẹ̀lú àyà tó wú bí àkàrà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ sínú epo, ìyàwó rẹ̀ yóò ní, "Ẹ káàbọ̀, Ntate. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gba ẹ̀gbẹ́ wọlé. Ẹnu ọ̀nà yìí kò fẹ̀ tó." Afẹ́fẹ́ á sì jáde lára rẹ̀. Á jókòó, á jẹ papa, òkèlè àgbàdo wọn, àti ẹ̀fọ́, á tún di èèyàn.

Nígbà tó kú, kò sí ẹni tó ń tú afẹ́fẹ́ yẹn mọ́. Èyí tó wá burú jù ni pé àánú rẹ̀ ń ṣe gbogbo ayé. Ta ló fẹ́ ja ẹni tí ìyàwó rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kú níyàn? Bí ó bá ní òkè ni odò ń ṣàn sí, wọ́n á ní bẹ́ẹ̀ gan-an ni, ọ̀gá, a rí i lánàá. Ìgbéraga ti wà lára rẹ̀ tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n àánú ló fọn ọ́n kún.

Ní ọ́fíìsì, ó ṣòfin pé kí ẹnikẹ́ni má fi síbí ro tíì kí òun tó ro tòun. Bí ó bá gbàgbé láti ro tirẹ̀, gbogbo ọ́fíìsì á mu tíì kíkorò, ṣúgà á sì sùn sí ìsàlẹ̀ ife bí ẹni tó kú. Nígbà tí wọ́n ri ẹ̀rọ omi kan sí ẹ̀yìnkùlé, ó ní òun ni yóò ṣí i. Ọ̀rọ̀ tó sọ níbẹ̀ gùn débi pé obìnrin kan tó gbé korobá wá pọn omi lọ sílé, ó se oúnjẹ, ó jẹ ẹ́, ó padà wá, ó sì bá a lórí "Ní ṣókí."

Ẹni tó ń gbè é lẹ́sẹ̀ nínú gbogbo ọ̀rọ̀ wọ̀nyí ni igbákejì rẹ̀, Ntate Phoofolo, ọkùnrin tín-ín-rín kan tí ẹ̀yìn rẹ̀ ti tẹ̀ nítorí ìtẹríba. Ìran Kìnnìún ni Rakuoane, Motaung ni wọ́n ń pè wọ́n. Phoofolo kì í sì í jẹ́ kí Kìnnìún yẹn sinmi.

"Motaung! Kìnnìún tó bú tí òkè wárìrì!"

"Mo kàn wúkọ́ ni, Phoofolo."

"Ikọ́ Kìnnìún, ọ̀gá! Ó yàtọ̀!"

Nínú oṣù kẹta, àwọn méjèèjì jáde lọ yan òtẹ́ẹ̀lì.

Ilé 'M'e Mathuso ni wọ́n kọ́kọ́ yà. Ilé àlejò àtijọ́ ni, òkúta ni wọ́n fi kọ́ ọ, ó wà lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè díẹ̀ sí gbọ̀ngàn àpérò. Ọ̀pá èéfín pọ̀ lórí rẹ̀ bí ìwo lórí agbo ẹran. 'M'e Mathuso àti olóògbé jọ ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì kan náà. Bó ṣe rí Rakuoane, ó nu ọwọ́ mọ́ aṣọ ìdáná rẹ̀.

"Ntate, ẹ kú ọ̀rọ̀ 'M'e Maneo. Ọlọ́run á dúró tì yín. Ẹ jókòó, kí n bu motoho fún yín. Ó kan dáadáa lónìí."

"N kò wá jókòó, 'M'e. N kò wá mu ògì. Mo wá yẹ ilé yín wò lórúkọ orílẹ̀-èdè."

"Orílẹ̀-èdè náà lè jókòó, Ntate. Àga wà."

Phoofolo fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó rántí ara rẹ̀, ó sọ ọ́ di ikọ́. Ikọ́ tirẹ̀ kò yàtọ̀ rárá.

Ntate Rakuoane yí yàrá ká. Ó fi ọ̀pá ọwọ́ rẹ̀ kan ààrò onírin kan tó dúró sí igun, ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ikùn roboto.

"Kí ni nǹkan yìí ń ṣe nínú yàrá tí àlejò ń sùn?"

"Iná la ń dá sí i, Ntate."

"Kí lẹ fi ń dá a?"

Ẹ wò ó o. Ó béèrè! Ṣùgbọ́n ìbéèrè ẹni tó fẹ́ gàn ni, kì í ṣe ti ẹni tó fẹ́ mọ̀.

"Èédú," ni obìnrin náà wí. "Bí èédú bá tán, igi. Bí igi bá tán, ìgbẹ́ màlúù gbígbẹ. Òun ló máa ń pẹ́ jù."

"Phoofolo, ṣé o gbọ́? Ìgbẹ́! Àwọn tó ń ti òkè òkun wá ra irun àgùntàn wa, kí wọ́n wá sùn ti ìgbẹ́!"

"Àbùkù ni, ọ̀gá! Àbùkù paraku!"

Iná ìgbẹ́ ni ìyá Phoofolo fi se gbogbo oúnjẹ tó jẹ dàgbà. Ẹ máa bá a lọ.

"Ìgbà wo ni àwọn àlejò yín ń bọ̀?" ni 'M'e Mathuso béèrè.

"Oṣù keje."

"Àwọn olóyè òkè náà ń bọ̀?"

"Gbogbo wọn."

Obìnrin náà wo Ntate Rakuoane, ó wo ààrò, ó tún wo ọkùnrin náà. "Ó dáa, Ntate. Ẹ̀ẹ̀kan yìí nìkan kọ́ lẹ máa wá síbí. Ẹ máa padà wá."

Ntate Rakuoane sọ fún Phoofolo lójú ọ̀nà pé obìnrin náà ya aláfojúdi. Phoofolo ní òun náà ti ń rò ó bẹ́ẹ̀ kí wọ́n tó dé ibẹ̀.

Òtẹ́ẹ̀lì kejì fẹ̀gbẹ́ kan gbọ̀ngàn àpérò. Gíláàsì ni láti ìsàlẹ̀ dókè. Èèyàn lè dúró níta kó máa wo ara rẹ̀ láti orí dé bàtà, Ntate Rakuoane sì dúró níta fún ìgbà díẹ̀. Máníjà sáré jáde, ó tẹrí ba, ó fà á wọlé, ó fi í sórí àga aláwọ̀ pupa kan.

"Ọlọ́lá, ẹnikẹ́ni kò tíì jókòó sórí àga yìí rí. Ẹ̀yin là ń retí."

Òótọ́ ni. Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni wọ́n ṣí òtẹ́ẹ̀lì náà, ọ̀rá ṣì wà lẹ́sẹ̀ àga.

Láàárín ilé, omi kan ń tú sókè láti inú àwo mábù, ó ń ṣubú, ó tún ń tú sókè. Ntate Rakuoane wò ó títí. Ó rí nǹkan kan nínú rẹ̀ tó jọ òun.

"Omi yìí kò gbọdọ̀ dúró," ló wí. "Bí iná bá lọ, kí jẹnẹrétọ̀ gbé e."

"Àwọn yàrá ńkọ́, Ọlọ́lá? Jẹnẹrétọ̀ wa kéré."

"Àlejò á sùn. Ẹwà kì í sùn."

"Ẹwà kì í sùn!" ni Phoofolo tún wí, ó sì pa ojú dé bí ẹni tó ń gbàdúrà.

Lẹ́yìn náà ni àyẹ̀wò tó ṣe pàtàkì jù wá. Ntate Rakuoane rìn láti ẹnu ọ̀nà òtẹ́ẹ̀lì dé ẹnu ọ̀nà gbọ̀ngàn, Phoofolo dúró bí mínísítà. Ó tún un rìn, Phoofolo dúró bí oníkámẹ́rà. Ó tún un rìn, Phoofolo di ogunlọ́gọ̀ èèyàn, ó ń juwọ́. Oòrùn mú wọn débi pé kọ́là ẹ̀wù Rakuoane rọ̀. Nígbà tí wọ́n mú un gòkè lọ wo yàrá, òógùn ń kán ní imú rẹ̀. Máníjà tẹ nǹkan kan lára ògiri. Atẹ́gùn tútù já lu ọkùnrin náà láti òkè àjà.

Ó dúró sábẹ́ ẹ̀rọ amúlétutù náà, ó na ọwọ́ méjèèjì bí igi tó rí òjò.

"Phoofolo! Ibí tutù!"

"Ó tutù, ọ̀gá! Ó tutù bí ọkàn ọlọ́gbọ́n!"

"Ibí ni àwọn àlejò mi máa sùn. Bẹ́ẹ̀dì ńkọ́?"

"Ó fẹ̀, Ọlọ́lá," ni máníjà wí. "Ní ti tútù, mo fi dá yín lójú pé kò sí ilé tó tutù tó èyí ní gbogbo Lesotho."

Kí ẹnikẹ́ni má pe máníjà yìí ní òpùrọ́ o. Nínú òtẹ́ẹ̀lì yẹn lọ́jọ́ náà, òun nìkan ni kò parọ́.

Kí ó tó kúrò, wọ́n gbé oúnjẹ wá fún un láti yàn. Ó yan kùkúńbà tútù, ẹja tútù àti áìsìkiriìmù, nítorí pé ohun tí ọ̀fun rẹ̀ ń wá lọ́jọ́ náà nìyẹn.

Oṣù kẹrin lọ. Oṣù karùn-ún lọ. Nínú oṣù kẹfà, nígbà tí koríko ti ń funfun láàárọ̀, Ntate Rakuoane pe ìpàdé, ó sì ka òfin ìkẹyìn. Kúbùsù kò gbọdọ̀ wọ òtẹ́ẹ̀lì. Ẹni tó bá wọ kúbùsù wá, kó fi í sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, wọn á tì í mọ́ yàrá kan. Kóòtù àti táì nìkan ni.

Èèyàn kan ní Lesotho tó ní kí wọ́n bọ́ kúbùsù! Kúbùsù ni wọ́n fi ń gba ọmọ nígbà tí wọ́n bá bí i. Òun ni ọkọ ìyàwó ń wọ̀. Òun ni wọ́n ń dì mọ́ òkú. Wọ́n sì fẹ́ bọ́ ọ lára èèyàn níbi àpérò irun àgùntàn, ohun tí wọ́n fi ń hun kúbùsù gan-an.

Phoofolo gbìyànjú. Ó yẹ kí a kọ ọ́ sílẹ̀ fún un pé ó gbìyànjú lẹ́ẹ̀kan. "Àwọn olóyè òkè ńkọ́, ọ̀gá?"

"Kí àwọn àlejò wa má rò pé darandaran ni gbogbo wa, Phoofolo."

"Òótọ́ ni, ọ̀gá. Mo ti gbàgbé pé a kì í ṣe darandaran."

Kúbùsù Rakuoane fúnra rẹ̀ wà nílé, nínú kọ́bọ́ọ̀dù, ó so kọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti ìyàwó rẹ̀. Kò tíì ṣí kọ́bọ́ọ̀dù náà láti ọjọ́ ìsìnkú. Àwọn ará ilé ìyàwó rẹ̀ ti ránṣẹ́ pé àwọn fẹ́ wá pín aṣọ olóògbé bí àṣà. Ó dá wọn lóhùn pé iṣẹ́ ìjọba kò jẹ́ kí òun ráyè. Aṣọ dúdú kékeré tí opó ọkùnrin ń lẹ̀ mọ́ èjìká, abẹ́ kọ́là kóòtù ló fi tirẹ̀ pamọ́ sí. Bóyá inú kọ́bọ́ọ̀dù yẹn ni òfin kúbùsù ti jáde wá. Ẹni tó bá mọ inú èèyàn ni kó sọ.

Ọjọ́ àpérò pé. Láti òwúrọ̀ ni àwọsánmà ti wálẹ̀ sórí òkè bí ìdérí ìkòkò. Àwọn àlejò dé: àwọn oníṣòwò láti òkè òkun, àwọn àgbẹ̀ alágùntàn láti gúúsù, àti lọ́wọ́ ọ̀sán, Morena Letlatsa, olóyè àgbà láti ibi tí ọ̀nà ọkọ̀ ti parí lókè. Ó ti lé ní ọgọ́rin ọdún. Ó dé fìlà koríko, ó di kúbùsù aláwọ̀ búlúù mọ́ra dé ọrùn ẹsẹ̀.

Ọkùnrin tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà kúnlẹ̀. "Morena, ẹ dárí jì mí. Ẹ fi kúbùsù sílẹ̀."

"Kí n fi í sílẹ̀ fún ta?"

"Fún ìjọba, Morena."

"Ṣé òtútù ń mú ìjọba ni?"

Ntate Rakuoane ti rìn dé. Ó na ọwọ́, ó sì ṣí ẹnu. "Morena àgbà, ọmọ ilẹ̀, igi ńlá tí ẹyẹ ń forí pamọ́ sí! Ní ayé tí a wà yìí, ìgbóná kì í ṣe ohun tí èèyàn ń dì mọ́ ara. Èrò ọkàn ni."

"Bẹ́ẹ̀?" ni Morena Letlatsa wí. "Àwọn àgùntàn mi kò tíì gbọ́."

Ṣùgbọ́n ẹni tó bá wọ ilé onílé, òfin onílé ló ń tẹ̀ lé. Bàbá náà bọ́ kúbùsù rẹ̀. Ó ká a pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ bí ẹni tó ń tẹ́ ọmọ. Ó gbé e lé Rakuoane lọ́wọ́ fúnra rẹ̀.

"Motaung lẹ jẹ́, àbí? Ìran Kìnnìún. Kìnnìún tí èmi mọ̀ kì í bọ́ awọ rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà."

Wọ́n ti àwọn kúbùsù mọ́ yàrá. Ntate Rakuoane fi kọ́kọ́rọ́ sí àpò kóòtù rẹ̀, ó sì fọwọ́ lù ú pẹ́pẹ́.

Nígbà tí wọ́n jókòó síbi oúnjẹ, yìnyín ti ń bọ́. Ó ń bọ́ lára gíláàsì yí wọn ká, ó funfun, ó sì dákẹ́. Wọ́n gbé kùkúńbà tútù wá. Wọ́n gbé ẹja tútù wá. Obìnrin oníṣòwò kan bẹ omi gbígbóná, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì di ife náà mú, kò mu ún. Ntate Rakuoane dìde.

"Ẹ̀yin àlejò iyì! Mo kí yín káàbọ̀ sínú ìgbóná ọ̀yàyà àwọn Basotho!"

Àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́. Wọ́n pa àtẹ́wọ́ náà gan-an. Inú rẹ̀ dùn, ó tún ju gbólóhùn mìíràn sí wọn. Wọ́n tún pàtẹ́wọ́, wọ́n ń fi ẹsẹ̀ kilẹ̀ mọ́ ọn. Kò tíì rí irú èyí rí láyé rẹ̀. Gbólóhùn kọ̀ọ̀kan tó bá sọ, àtẹ́wọ́. Bí ó bá dákẹ́ kó lè mí, àtẹ́wọ́. Ó wo ojú wọn, omi wà ní ojú elòmíràn. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé ọ̀rọ̀ òun ti wọ̀ wọ́n lára. Kò mọ̀ pé wọ́n ti rí i pé ẹni tó bá ń pàtẹ́wọ́, ìka rẹ̀ kò ní kú. Ó bá sọ ọ̀rọ̀ náà di ìlọ́po méjì.

Wọ́n gbé áìsìkiriìmù wá.

Eyín Morena Letlatsa ń lu ara wọn débi pé ẹni tó jókòó tì í rò pé ó ń jẹ egungun. Nígbà náà ni Ntate Rakuoane gbọ́ ohùn ara rẹ̀ tó ń gbọ̀n. Èéfín ń ti ẹnu rẹ̀ jáde bí ti màlúù láàárọ̀. Ó fi ojú pe máníjà.

"Ẹ tan ìgbóná," ló sọ sí i létí.

"Ìgbóná wo, Ọlọ́lá?"

"Ẹ̀rọ tó wà lókè àjà yẹn!"

"Amúlétutù nìyẹn, Ọlọ́lá. Tútù nìkan ló ń fẹ́. Ẹ̀yin náà dúró sábẹ́ rẹ̀, ẹ yìn ín."

"Kí ló dé tí ẹ kò sọ fún mi pé kò sí iná nínú ilé yìí?"

Máníjà tẹrí ba. "Ẹ kò bi wá, Ọlọ́lá. Bẹ́ẹ̀dì lẹ béèrè."

Ọ̀rọ̀ náà dúró lára Ntate Rakuoane bí ìgbà tí èèyàn bá gbọ́ orúkọ rẹ̀ nínú òkùnkùn. Ó wo ẹ̀yìn, bí ẹni pé ẹnì kan wà níbẹ̀ tó ń rẹ́rìn-ín díẹ̀. Kò sí ẹnì kankan. Phoofolo nìkan ni, ó ti fi aṣọ ìnuwọ́ wé etí méjèèjì.

Wọ́n rán Phoofolo sáré lọ sí ọjà. Ó ra gbogbo ẹ̀rọ amúlégbóná kéékèèké tó rí nínú àwọn ṣọ́ọ̀bù ìlú Maseru. Wọ́n kì wọ́n bọ gbogbo ihò iná tó wà nínú òtẹ́ẹ̀lì lẹ́ẹ̀kan náà. Waya inú wọn pọ́n díẹ̀. Àwọn èèyàn na ọwọ́ sí i. Wọ́n kígbe ayọ̀. Nǹkan kan bú gbàmù lẹ́yìn ilé, gbogbo iná sì kú.

Jẹnẹrétọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í hó. Omi inú àwo mábù fò sókè, ó ń tàn yanran, òun nìkan, nínú ilé tó ṣókùnkùn. Ó ń ṣubú, ó ń dìde. Ẹnu ọ̀nà tí kò pa dé dáadáa ń fẹ́ atẹ́gùn yìnyín lù ú. Gbogbo wọn jókòó, wọ́n ń wò ó bó ṣe ń lọ́ra, tó ń nípọn, tó ń lẹ̀ mọ́ etí àwo, títí tó fi dì. Ó dúró sókè bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́ nínà, bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ tí ọ̀rọ̀ tán lẹ́nu rẹ̀.

Morena Letlatsa dìde. "Ntate, ẹ fún mi ní kúbùsù mi."

"Morena, ẹ dákun, mínísítà ti ń bọ̀ lọ́nà pẹ̀lú àwọn oníkámẹ́rà. Ẹ jẹ́ kí wọ́n ya àwòrán tán."

Bàbá náà kò jiyàn. Ó lọ síbi fèrèsé, ó di kọ́tìnì mú, ó fà á. Kọ́tìnì já wálẹ̀ pẹ̀lú irin rẹ̀. Ó dì í mọ́ra. Ó yí i padà títí ilà ara rẹ̀ fi dúró lóòró, nítorí pé kò sí Mosotho kan tí kò mọ̀ pé aṣọ tí ilà rẹ̀ bá dùbúlẹ̀ lára èèyàn kò ní jẹ́ kó dàgbà. Ọgọ́rin ọdún lé, síbẹ̀ kò fẹ́ fi ìdàgbà ara rẹ̀ ṣeré. Ó jáde, ó kọjú sí òkè, síbi tí èéfín ti ń jáde lórí ilé òkúta.

Àwọn tó kù dìde. Ẹni tó rí kọ́tìnì gbé kọ́tìnì, ẹni tó rí aṣọ tábìlì gbé aṣọ tábìlì. Àwọn oníṣòwò òkè òkun wo bí àwọn alágùntàn ṣe ń dì í, àwọn náà dì í bẹ́ẹ̀. Wọ́n tò lọ nínú yìnyín bí agbo ẹran tó mọ ọ̀nà ilé.

"Phoofolo!" ni Rakuoane pariwo. "Ìwọ náà?"

Phoofolo ti wà lẹ́nu ọ̀nà, ó wé aṣọ tábìlì tí òróró ẹja wà lára rẹ̀. "Ọ̀gá, mo kàn fẹ́ lọ wò wọ́n lọ́hùn-ún ni. Kí n lè wá jábọ̀."

Kò wá jábọ̀.

Ilẹ̀ ń ṣú lọ nígbà tí ọkọ̀ mínísítà dé. Mínísítà sọ̀kalẹ̀, obìnrin gíga ni, kúbùsù rẹ̀ sì dára jù lọ nínú gbogbo èyí tí ojú tíì rí, pupa àti dúdú. Àwọn oníkámẹ́rà tò sẹ́yìn rẹ̀. Ọkùnrin tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà, tí kò gba àṣẹ mìíràn, kúnlẹ̀ nínú yìnyín.

"'M'e, ẹ dárí jì mí. Ẹ fi kúbùsù sílẹ̀."

Kámẹ́rà kọ mànàmáná.

"Kí lo wí?"

"Òfin ni, 'M'e. Kúbùsù kò gbọdọ̀ wọlé."

"Ta ló ṣe é?"

Ọkùnrin náà fi àgbọ̀n tọ́ka. Ntate Rakuoane dúró sí ẹ̀gbẹ́ omi dídì náà, táì rẹ̀ gún régé, ètè rẹ̀ ti dúdú.

"Ntate Rakuoane. Àwọn àlejò mi dà?"

"Wọ́n... wọ́n jáde lọ gba atẹ́gùn, Ọlọ́lá."

"Nínú yìnyín?"

"Ó wù wọ́n, Ọlọ́lá."

"Kí ni wọ́n wọ̀?"

Oníkámẹ́rà kan ló dáhùn. "Kọ́tìnì ni, 'M'e. A pàdé wọn lójú ọ̀nà. Mo yà wọ́n."

Mínísítà wo òkè àjà. Ó wo áìsìkiriìmù tó wà lórí tábìlì, èyí tí kò yọ́ rárá. Ó fa kúbùsù mọ́ ọrùn.

"Ntate, kí lẹ bi wọ́n kí ẹ tó yan ilé yìí?"

Ntate Rakuoane wo omi dídì náà.

"Bẹ́ẹ̀dì," ló wí.

Mínísítà yí padà, ó gòkè lọ síbi èéfín. Àwọn oníkámẹ́rà tẹ̀ lé e. Máníjà náà tẹ̀ lé wọn, ó di kápẹ́ẹ̀tì kékeré kan mọ́ra.

Ó ku Rakuoane nìkan. Kò sẹ́ni tó dìde fún un, kò sẹ́ni tó jókòó. Ó jókòó sórí àga pupa. Ó dìde. Ó fọwọ́ kan àpò, kọ́kọ́rọ́ wà níbẹ̀.

Ó ṣí yàrá. Òórùn kúbùsù jáde sí i: èéfín, ẹran, ara èèyàn. Lẹ́yìn náà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kó wọn, ó ń tò wọ́n lé ara wọn lọ́wọ́ rẹ̀ títí tí kò fi rí iwájú mọ́, ó sì bọ́ sínú yìnyín. Ó ń yọ̀, ó ń ṣubú lórúnkún, ó ń dìde. Ó lọ, ó sọ wọ́n sílẹ̀ lábẹ́ òrùlé ìta ilé òkúta náà, ó padà wá kó àwọn mìíràn. Kò sí Phoofolo tí yóò dúró bí ogunlọ́gọ̀.

Nígbà tó gbé ìkẹyìn dé, ó fi ẹsẹ̀ ti ilẹ̀kùn. Ìgbóná gbá a lójú. Ààrò kọ̀ọ̀kan ń hó. Àwọn èèyàn jókòó yí wọn ká, oníṣòwò àti alágùntàn, wọ́n ń mu motoho, wọ́n ń ná iye irun àgùntàn láàárín ara wọn, mínísítà náà bọ́ bàtà. Àpérò ti bẹ̀rẹ̀ láìsí olórí ìgbàlejò. Ó fẹ́ wọlé, òkìtì kúbùsù náà há sẹ́nu ọ̀nà. Ó ti í, kò lọ.

'M'e Mathuso gbójú sókè láti ìdí ìkòkò. Kò mọ ẹni tó wà lẹ́yìn òkìtì náà.

"Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà níbẹ̀ yẹn," ló wí, "ẹ gba ẹ̀gbẹ́ wọlé. Ẹnu ọ̀nà yìí kò fẹ̀ tó."

Òkìtì náà dúró. Lẹ́yìn náà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Àwọn tó wà nítòsí gbọ́ ẹ̀rín láti inú rẹ̀, ẹ̀rín ọkùnrin tó ti pẹ́ tó rẹ́rìn-ín, ó ń já, ó ń tún bẹ̀rẹ̀. Ntate Rakuoane gba ẹ̀gbẹ́ wọlé. Ojú rẹ̀ tutù. Yìnyín ló ń yọ́, bí ẹ bá bi í.

"Háà, orílẹ̀-èdè ló dé," ni 'M'e Mathuso wí nígbà tó rí i. Ohùn rẹ̀ rọ̀. "Ẹ jókòó, Ntate. Àga wà."

Ó kọ́kọ́ pín kúbùsù fún àwọn tó ni wọ́n, ó ń kúnlẹ̀ fún àgbà. Nígbà tó kan Morena Letlatsa, bàbá náà gba tirẹ̀, ó wò ó.

"Tiyín dà?"

"Ó wà nílé, Morena. Nínú kọ́bọ́ọ̀dù. Pẹ̀lú tirẹ̀."

Morena Letlatsa kò béèrè ti ta. Ó gbé ẹ̀gbẹ́ kan kúbùsù rẹ̀ sókè, bí àwọn darandaran ṣe ń ṣe fún ara wọn lókè. Ntate Rakuoane wọ abẹ́ rẹ̀.

Ẹ fẹ́ mọ bó ṣe parí. Àwòrán mínísítà àti ọkùnrin tó ní kó bọ́ kúbùsù dé gbogbo ilé. Aṣojú ìjọba lọ sí orílẹ̀-èdè olóoru létí òkun: Ntate Phoofolo ni. Wọ́n ní ó ti kọ́ láti tẹrí ba ní èdè ibẹ̀. Ntate Rakuoane ni wọ́n rán lọ sí ilé tí wọ́n ti ń rẹ́ irun àgùntàn, ní abúlé Morena Letlatsa, níbi tí ọ̀nà ọkọ̀ ti parí. Ibi òtútù ni. Kò bẹ̀bẹ̀.

Nígbà tó dé, wọ́n mú un lọ wo yàrá rẹ̀. Kò tíì wo bẹ́ẹ̀dì tó fi béèrè.

"Kí lẹ fi ń dáná níbí?"

"Ìgbẹ́ màlúù, Ntate."

"Ó dáa," ló wí.

Ó ti wà níbẹ̀ láti ìgbà náà. Kò tíì tún sọ̀rọ̀ níwájú àwùjọ. Kò tíì mọ bí wọ́n ṣe ń tan ìgbẹ́ tí kì í fi í rú èéfín. Kò tíì dá kọ́tìnì òtẹ́ẹ̀lì padà, Morena ló ń lò ó. Kò tíì bọ́ aṣọ dúdú èjìká, ṣùgbọ́n kò fi í sábẹ́ kọ́là mọ́. Kò tíì ránṣẹ́ sí àwọn ará ilé ìyàwó rẹ̀ kí wọ́n wá. Kò tíì ṣí kọ́bọ́ọ̀dù. Kò tíì rí ẹni tí yóò sọ fún pé òun ti béèrè iná.